Maya Deren

Maya Deren (1917 – ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 1961) jẹ́ olùdarí fíìmù, oníjó àti òǹkọ̀wé ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tí a bí ní ìlú Kyiv ní Ukraine. Ó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi hàn pé iṣẹ́ kámẹ́rà kò mọ sí yíya àwòrán ijó nìkan, pé a lè fi kámẹ́rà dá ijó tí ẹnikẹ́ni kò lè jó lórí ìtàgé.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé àti ẹ̀kọ́ rẹ̀

Eleonora Derenkowska ni orúkọ àbísọ rẹ̀. Júù ni àwọn òbí rẹ̀. Oníṣègùn ọpọlọ sì ni Solomon, bàbá rẹ̀. Ní ọdún 1922, ìdílé náà sá kúrò ní Ukraine nítorí ìkọlù tí wọ́n ń ṣe sí àwọn Júù. Wọ́n tẹ̀dó sí ìlú Syracuse ní ìpínlẹ̀ New York, wọ́n sì gé orúkọ ìdílé wọn kúrú sí Deren. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Geneva, ní Yunifásítì Syracuse àti ní Yunifásítì New York, kí ó tó gba oyè kejì nínú lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Smith College ní ọdún 1939.

Ní ọdún 1941, ó di akọ̀wé fún Katherine Dunham, gbajúmọ̀ oníjó aláwọ̀ dúdú tí ó ti ṣe ìwádìí nípa ijó àwọn ará Haiti. Bí ó ti ń bá ẹgbẹ́ oníjó Dunham rìnrìn àjò ni ó dé Los Angeles, níbi tí ó ti pàdé Alexander Hammid, ayàwòrán fíìmù ọmọ Czech. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ọdún 1942. Hammid ni ó fún un ní orúkọ náà, Maya.

Iṣẹ́ fíìmù

Deren fi owó ogún bàbá rẹ̀ ra kámẹ́rà Bolex àlòkù kan. Òun àti ọkọ rẹ̀ fi ṣe Meshes of the Afternoon ní ọdún 1943 nínú ilé tí wọ́n ń gbé, Deren fúnra rẹ̀ sì kópa nínú rẹ̀. At Land tẹ̀lé e ní ọdún 1944.

Ní ọdún 1945, ó ṣe A Study in Choreography for Camera pẹ̀lú Talley Beatty, oníjó aláwọ̀ dúdú tí ó ti wà nínú ẹgbẹ́ Dunham. Fíìmù náà kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Beatty gbé ẹsẹ̀ sókè nínú igbó, ẹsẹ̀ kan náà sì balẹ̀ nínú yàrá. Láti ibẹ̀ ó bọ́ sí gbọ̀ngàn Íjíbítì ti Metropolitan Museum láìdá ijó dúró. Ní ìparí, wọ́n so ọ̀pọ̀ àwòrán pọ̀ di fífò kan ṣoṣo, débi pé oníjó náà pẹ́ lójú òfurufú ju bí ó ti ṣeé ṣe fún ènìyàn lọ, kí ó tó balẹ̀ ní ìta gbangba. Fíìmù náà ní àkọlé kékeré tí ó pè é ní ijó ẹni méjì, bẹ́ẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo ni a rí tí ó ń jó. Kámẹ́rà ni ó dúró gẹ́gẹ́ bí ẹnì kejì. Deren kọ orúkọ Beatty mọ́ tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ó jọ ṣẹ̀dá iṣẹ́ náà.

Kò dúró de àwọn ilé-iṣẹ́ Hollywood. Ní ọdún 1946 ó háyà Provincetown Playhouse ní New York, ó sì fi àwọn fíìmù rẹ̀ han àwùjọ fúnra rẹ̀. Ọdún náà ni ó gba owó ìrànwọ́ Guggenheim. Ní ọdún 1947, Meshes of the Afternoon gba ẹ̀bùn ní àjọ̀dún fíìmù Cannes.

Ní Haiti

Ní ọdún 1947, Deren lọ sí Haiti láti ṣe fíìmù nípa ijó. Nígbà tí ó débẹ̀, ó rí i pé a kò lè ya ijó náà kúrò lára ẹ̀sìn Vodou tí ó bí i. Nínú ẹ̀sìn náà ni a ti ń bọ Ogou, tí ó ti ara Ògún ilẹ̀ Yorùbá wá, nínú ọ̀wọ́ àwọn ẹ̀mí tí wọ́n ń pè ní Nago, orúkọ tí a mọ̀ mọ́ àwọn Yorùbá. Ó padà lọ síbẹ̀ léraléra títí di ọdún 1954, ó gba ìwọlé sínú ẹ̀sìn náà, ó sì ya fíìmù tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 18,000 ẹsẹ̀ bàtà. Ìwé ni ó fi ṣàlàyé ohun tí ó rí, Divine Horsemen, tí ó jáde ní ọdún 1953. Kò parí fíìmù náà títí ó fi kú.

Ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀

Fíìmù rẹ̀ tí ó parí kẹ́yìn ni The Very Eye of Night, tí òun àti Antony Tudor jọ ṣe. Nínú rẹ̀, wọ́n yí dúdú àwòrán padà sí funfun, tí àwọn oníjó fi dàbí ẹni tí ń léfòó láàárín ìràwọ̀. Ní ọdún 1960 ó fẹ́ Teiji Ito, olórin ọmọ Japan, ẹni tí ó ti fi orin sí Meshes of the Afternoon.

Deren kú ní New York ní ọdún 1961 nítorí ẹ̀jẹ̀ tí ó ya sínú ọpọlọ rẹ̀. Ẹni ọdún 44 ni. Teiji Ito àti Cherel Ito ni wọ́n to àwòrán Haiti pọ̀ di fíìmù lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ní ọdún 1990, wọ́n fi Meshes of the Afternoon kún àwọn fíìmù tí orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ń tọ́jú gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá.