Visvesvaraya, Ẹni tí ó Mú Omi Kárí Abúlé

A fẹ́ kí àwọn olùkọ́ wa mọ Mokshagundam Visvesvaraya, ọmọ Íńdíà, ẹnjiníà ìjọba ní Bombay. Nígbà náà, àwọn àgbẹ̀ tí ó súnmọ́ orísun odò àgbẹ́ a máa da omi sí ìrèké wọn, oko ará ìsàlẹ̀ a sì gbẹ. Ní 1899 ó gbé ètò kalẹ̀: kí a pín ilẹ̀ sí ìsọ̀rí, kí ìrèké gba ìwọ̀nba, kí omi lè kárí abúlé. Àwọn kan ta kò ó. Ó fi sùúrù là á yé wọn. Láti 1912 dé 1918 ó ṣe olórí ìjọba Mysore lábẹ́ ọba, ó sì ṣe agbátẹrù ìsédò Krishna Raja Sagara. Ó kú ní 1962 lẹ́yìn tí ó pé 100 ọdún. Kí àwọn ìjòyè wa gbọ́: ìsédò kì í bọ́ ìlú bí apín-omi kò bá ṣòdodo.