Augustin Mímọ́ àti Ìdáríjì Ẹ̀ṣẹ̀

Ẹ̀yin ará wa ọ̀wọ́n tí ẹ ń múra sílẹ̀ fún ìrìbọmi, ẹni tí a ó sọ ìtàn ayé rẹ̀ fún yín yìí ti wà ní ipò yín rí, ó sì pẹ́ níbẹ̀: ó lé ní ọgbọ̀n ọdún.

Ọmọ Áfíríkà bí tiwa ni Augustin. Wọ́n bí i ní ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá ọdún 354, ní Thagaste, ìlú tí à ń pè ní Souk Ahras lónìí ní ilẹ̀ Àlgéríà. Patrice bàbá rẹ̀ kò tíì gba Olúwa gbọ́. Monique ìyá rẹ̀ ni onígbàgbọ́. Láti kékeré ni wọ́n ti fi àmì àgbélébùú sí i lára, tí wọ́n sì fi iyọ̀ kàn án lẹ́nu, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe fún àwọn katekúmẹ́nì ní ìgbà náà.

Nígbà èwe rẹ̀, inú rírun kọ lù ú, ó sì fẹ́ kú. Ó bẹ̀bẹ̀ fún ìrìbọmi. Ìyá rẹ̀ ń sáré ṣe ètò rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ara ọmọ yá, wọ́n sì sún un síwájú. Èrò wọn ni pé ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀yìn ìrìbọmi wúwo ju ti ìṣáájú lọ, nítorí náà kí ọmọ kọ́kọ́ ṣe ìgbà èwe rẹ̀ tán ná. Èmi tí mo ń kọ́ni ní kàtíkíìsì ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí títí di òní: ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ìyàwó, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rówó. Nígbà tí Augustin dàgbà, inú rẹ̀ kò dùn sí ìpinnu náà. Ó bi í pé ta ni í sọ fún ẹlẹ́gbò pé kí ó máa gba ọgbẹ́ sí i nítorí pé kò tíì san.

Ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ jí èso péà ká lóru. Ebi kò pa wọ́n; èyí tí ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ wà nílé. Ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n da púpọ̀ rẹ̀ fún. Ẹ lè ní kí ni èso lásán jẹ́, ṣùgbọ́n nínú ìwé Ìjẹ́wọ́, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ní nǹkan bí ọdún 397, ó dúró lé ọ̀rọ̀ náà pẹ́, nítorí kò rí ìdí kan tí òun fi jalè ju pé ibi fúnra rẹ̀ wù òun.

Ní Carthage, ó mú obìnrin kan sọ́dọ̀ láì gbé e níyàwó, obìnrin náà sì bí Adéodat fún un. Ó tún tẹ̀lé àwọn ọmọlẹ́yìn Mani fún ọdún mẹ́sàn-án, àwọn tí ń kọ́ni pé ohun ibi kan nínú ènìyàn ni ó ń dẹ́ṣẹ̀, kì í ṣe ènìyàn fúnra rẹ̀. Ẹ̀kọ́ náà rọ̀ ọ́ lọ́rùn: ẹni tí kò jẹ̀bi kì í tọrọ ìdáríjì.

Ní ọdún 384 ó di olùkọ́ ní Milan. Ìyàwó ọlọ́lá ni wọ́n ń wá fún un, wọ́n sì dá ìyá Adéodat padà sí Áfíríkà. Obìnrin náà jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun kò ní mọ ọkùnrin mìíràn mọ́. Augustin ní tirẹ̀ tún mú òmíràn kíákíá. Èmi kò lè gbójú fo ibí yìí. Kò dárúkọ obìnrin náà fún wa, ṣùgbọ́n kò fi ohun tí ó ṣe sí i pamọ́: ó jẹ́wọ́ rẹ̀ níwájú Ọlọ́run, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí gbogbo ayé kà á.

Ìwàásù Bíṣọ́ọ̀bù Ambroise ni ó tú ọkàn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 386, ó ń sunkún lábẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́ nínú ọgbà kan, ó gbọ́ ohùn bí ti ọmọdé tí ń kọrin pé kí ó mú ìwé kí ó kà. Ó ṣí ìwé Pọ́ọ̀lù sí àwọn ará Róòmù, orí 13, ìyèméjì rẹ̀ sì pin.

Nígbà Lẹ́ńtì ọdún 387 ó fi orúkọ sílẹ̀, bí ẹ̀yin náà yóò ti fi tiyín sílẹ̀. Ní òru Àjíǹde, láàárín ọjọ́ 24 àti 25 oṣù kẹrin, òun àti Adéodat àti Alype ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sínú odò ìrìbọmi onígun mẹ́jọ. Àwókù rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ilẹ̀ iwájú kàtídírà Milan. Wọ́n kọ Èṣù sílẹ̀, a rì wọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àṣà ìjọ Milan sì ni kí bíṣọ́ọ̀bù wẹ ẹsẹ̀ àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú omi. Augustin jẹ́rìí pé àníyàn nípa ayé àtijọ́ fi wọ́n sílẹ̀.

Ẹ fiyè sí i: ẹkún rẹ̀ kọ́ ni ó san gbèsè náà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹkún Monique, tí ó kú ní Ostie ní ọdún yẹn kan náà, tí kò béèrè ju kí wọ́n máa rántí òun níbi pẹpẹ Olúwa. Augustin kọ́ni pé Kristi ni àlùfáà, Òun náà ni ẹbọ, ẹ̀jẹ̀ Rẹ̀ sì ni owó ìràpadà wa. Nítorí èyí ni ó fi tako Pélage, ẹni tí ó ní ènìyàn lè fi agbára ara rẹ̀ wà láì dẹ́ṣẹ̀. Àpéjọ àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Carthage kọ ẹ̀kọ́ náà ní ọdún 418.

Ó di àlùfáà ní ọdún 391, lẹ́yìn náà bíṣọ́ọ̀bù Hippone. Òun fúnra rẹ̀ ń kọ́ àwọn katekúmẹ́nì. Ó ṣàlàyé fún wọn pé ẹ̀ẹ̀kan ni ìrìbọmi, pé àdúrà Baba wa ń wẹ àwọn ẹ̀ṣẹ̀ kéékèèké lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n pé ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ń fẹ́ ìrònúpìwàdà níwájú Ìjọ.

Ní ọdún 430 àwọn ọmọ ogun Vandale dó ti Hippone. Ní oṣù kẹta ìsàgatì náà, ibà dá Augustin dùbúlẹ̀. Ó ní kí wọ́n da àwọn sáàmù ìrònúpìwàdà Dáfídì kọ, kí wọ́n lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri níbi tí ojú rẹ̀ yóò ti máa rí wọn. Fún ọjọ́ mẹ́wàá kò gba àlejò, àyàfi nígbà tí oníṣègùn bá wọlé tàbí tí wọ́n bá gbé oúnjẹ wá. Ó ń kà wọ́n lórí ibùsùn, omijé sì ń dà lójú rẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ, ọdún mẹ́tàlélógójì lẹ́yìn tí ó ti jáde nínú omi Milan.