PETER MEDAWAR ÀTI ARA TÍ Ó KỌ ÀLEJÒ

Ẹni tí a bá fi kíndìnrín ẹlòmíràn sí lára kì í bọ́ lọ́wọ́ oògùn mọ́. Ojoojúmọ́ ni ó gbọdọ̀ máa lò ó, kí ara rẹ̀ má baà kọ ohun tí a fi ta á lọ́rẹ. Láti ọdún 2000 ni wọ́n ti ń ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí ní Èkó, tí Ilé-Ifẹ̀ sì tẹ̀lé e ní 2002. Ṣùgbọ́n owó oògùn náà a máa wọ ìdílé lọ́rùn. Nítorí náà ni ó ṣe yẹ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá ẹ̀yin olùkọ́, mọ ìtàn ọkùnrin tí ó fi hàn pé a lè kọ́ ara láti gba àlejò.

Peter Medawar ni orúkọ rẹ̀. Brazil ni a gbé bí i ní 1915. Ará Lẹ́bánónì ni baba rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni ìyá rẹ̀. Ìmọ̀ nípa ẹranko ni ó kọ́ ní Oxford. Ní 1940, nígbà ogun Hitler, ọkọ̀ òfuurufú kan já lulẹ̀ lẹ́bàá ilé rẹ̀, iná sì jó ọmọ ogun inú rẹ̀ gidigidi. Láti ìgbà náà ni Medawar ti gbájú mọ́ ọ̀rọ̀ awọ ara.

Ní Glasgow, òun àti oníṣẹ́ abẹ Thomas Gibson fi awọ arákùnrin obìnrin kan tí iná jó lẹ̀ ẹ́ lára. Awọ náà mú fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó kú. Wọ́n tún lẹ òmíràn láti ara arákùnrin kan náà, èyí sì tètè bàjẹ́ ju ti ìṣáájú lọ. Ara ti dá àlejò náà mọ̀, bí ọdẹ ilé tí ó ti rí olè lẹ́ẹ̀kan. Ní 1943 ni wọ́n kéde èyí.

Ìbejì màlúù ni ó wá tú àdììtú náà. Wọ́n fẹ́ kí Medawar fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ìbejì inú ẹyin kan àti ti inú ẹyin méjì. Ó rò pé ó rọrùn: àwọn ti ẹyin méjì yóò kọ awọ ara wọn. Kàyéfì ni ó rí! Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ni ó gbà á, títí kan akọ àti abo. Ray Owen ará Amẹ́ríkà ti ṣàlàyé ìdí rẹ̀ ní 1945: ibi àwọn màlúù náà a máa so pọ̀ nínú oyún, ẹ̀jẹ̀ wọn a sì dàpọ̀. (Ti Táyé àti Kẹ́hìndé tiwa kì í sábà rí bẹ́ẹ̀.) Ará Èrìjìyàn-Èkìtì tí ó ti rí ibi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé ní Ìkọ̀gòsì, ní ìtòsí wọn, tí méjèèjì sì jọ ń ṣàn lọ, kò ní ṣòro fún láti fi ojú inú wo èyí.

Medawar, Rupert Billingham àti Leslie Brent, ọmọ Júù tí ó sá kúrò ní Jámánì, wá fi eku dán an wò. Wọ́n gún àwọn eku tí ó ṣì wà nínú oyún ní abẹ́rẹ́ sẹ́ẹ̀lì eku ìran mìíràn. Nígbà tí wọ́n dàgbà, wọ́n gba awọ ìran náà bí ẹni pé tiwọn ni. Ohun tí ó wù wá jù ni ìyókù: nígbà tí wọ́n fún àwọn eku náà ní sẹ́ẹ̀lì ajagun láti ara eku mìíràn tí ó jẹ́ ìran tiwọn, tí ó sì ti kọ irú awọ bẹ́ẹ̀ rí, awọ tí ó ti mú náà bàjẹ́. Ó hàn gbangba pé sẹ́ẹ̀lì ni ó ń kọ àlejò, àti pé sẹ́ẹ̀lì ni a ó bá sọ̀rọ̀. 1953 ni èyí.

Ní 1960, wọ́n fi Ẹ̀bùn Nobel dá òun àti Burnet ará Australia lọ́lá. Medawar pín nínú owó tirẹ̀ fún Billingham àti Brent, ìwà tí kò wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọ̀gá. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú ní 1969, síbẹ̀ ó ń ṣiṣẹ́, ó ń kọ̀wé, títí ó fi kú ní 1987.

A kò lè gún ọmọ inú oyún ní abẹ́rẹ́ nítorí àìsàn tí kò tíì ṣe é, nítorí náà ọ̀nà mìíràn ni àwọn tí ó tẹ̀lé e gbà. Ní 1995, Shimon Sakaguchi ará Japan ṣàwárí àwọn sẹ́ẹ̀lì tí iṣẹ́ wọn ni láti máa dá àwọn ajagun ara lẹ́kun. Òun náà wà lára àwọn tí ó gba Nobel ní 2025. Ní 2020, àwọn oníṣègùn Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ròyìn pé àwọn ti fi irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tọ́jú ènìyàn 38 tí wọ́n fún ní kíndìnrín, àti pé àwọn kan nínú wọn ti dín oògùn wọn kù.