Eugene Debs: Ẹni tí Ẹgbẹ́ Rẹ̀ Kò Jẹ́ Kó Sinmi

Bí ìdìbò bá ti ń sún mọ́lé, ohun tí tọmọdé tàgbà máa ń bèèrè ni pé ta ni yóò wọlé. Ìbéèrè náà tọ́ sí àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú ńlá. Ṣùgbọ́n kí ni a ó bèèrè nípa ẹgbẹ́ kékeré, èyí tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fúnra wọn mọ̀ dájú pé àwọn kò lè wọlé? Kí ni wọ́n ń wá lára ẹni tí wọ́n bá fà kalẹ̀ fún ipò ààrẹ? Mo ti gbọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń fi irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, tí wọ́n ń sọ pé ẹni tó bá sáà ti lè san owó fọ́ọ̀mù ni wọ́n ń mú. Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a gbé ìgbésí ayé ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan yẹ̀ wò, ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ fà kalẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún, tí kò sì wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Eugene Victor Debs ni orúkọ rẹ̀.

Ọjọ́ 5 oṣù kọkànlá ọdún 1855 ni a bí i ní ìlú Terre Haute, ní ìpínlẹ̀ Indiana. Ìlú Colmar ní agbègbè Alsace, tó wà lábẹ́ ilẹ̀ Faransé nígbà náà, ni àwọn òbí rẹ̀ ti ṣí wá. Ṣọ́ọ̀bù kékeré tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ ni wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà. Ọmọ ọdún 14 ni Debs nígbà tó fi ilé-ìwé sílẹ̀, tó lọ ń ha ọ̀dà lára ọkọ̀ rélùwéè. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé e lọ sídìí iná, níbi tí ó ti ń fi ṣọ́bìrì kó èédú sínú ẹ̀rọ. Ẹni tó bá mọ ìtàn Michael Imoudu ní ilẹ̀ wa níbí yóò rántí pé rélùwéè ti kọ́ ju ọ̀gá òṣìṣẹ́ kan lọ níṣẹ́. Ní 1875 ni Debs wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń dáná ọkọ̀ ojú irin. Nígbà tó yá òun ni akọ̀wé wọn, òun náà ló ń ṣe olóòtú ìwé ìròyìn wọn. Ó ṣe akọ̀wé ìlú Terre Haute láti 1879 sí 1883, ó sì wọ ilé aṣòfin Indiana ní 1885 lábẹ́ ẹgbẹ́ Democrat.

Ohun tó ká a lára ni pé àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Ẹgbẹ́ awakọ̀ dá wà, ti àwọn adáná dá wà, bí ọ̀kan bá yanṣẹ́ lódì, èkejì á máa ṣiṣẹ́ lọ. Nítorí náà ni òun àti àwọn mìíràn fi dá American Railway Union sílẹ̀ ní 1893, kí gbogbo wọn lè wà lábẹ́ òrùlé kan. Ó wá kan ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ aláwọ̀ dúdú. Debs rọ̀ wọ́n kí wọ́n gbà wọ́n wọlé. Wọ́n dìbò lé e, àwọn tó ní rárá sì fi ìbò díẹ̀ borí. Ó dùn ún, ṣùgbọ́n ó fara mọ́ ìbò náà. Èmi kò rò pé ó yẹ kí a gbójú fo ibẹ̀ yẹn nígbà tí a bá ń yìn ín.

Ní 1894 wọ́n fi ọjọ́ 18 péré ṣẹ́gun ilé-iṣẹ́ Great Northern. Lẹ́yìn èyí ni ti Pullman dé, ilé-iṣẹ́ tó gé owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tí kò sì dín owó ilé tó ń gbà lọ́wọ́ wọn kù. Ìyanṣẹ́lódì náà tàn kálẹ̀, Ààrẹ Grover Cleveland rán sójà sí wọn, ilé ẹjọ́ pàṣẹ kí Debs jáwọ́, kò jáwọ́. Ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ló fi jura ní Woodstock ní 1895. Ẹgbẹ́ náà fọ́, àmọ́ orúkọ Debs ti di ohun tí gbogbo òṣìṣẹ́ Amẹ́ríkà mọ̀.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ọ̀rọ̀ ipò ààrẹ kọ́kọ́ kàn án. Ẹgbẹ́ Populist, ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ tí gbèsè ti wọ̀ lọ́rùn, ń ṣe ìpàdé àpapọ̀ ní ìlú St. Louis. Ọ̀pọ̀ aṣojú ló fẹ́ fa Debs kalẹ̀. Ó tẹ wáyà sí wọn pé kí wọ́n má ṣe dárúkọ òun. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ náà ní ète mìíràn. Ẹgbẹ́ Democrat ti mú William Jennings Bryan, ọ̀rọ̀ Bryan sì jọ tiwọn. Kí ló dé tí wọn kò fi ní mú ẹni kan náà? Wọ́n mú un. Kí ojú má baà tì wọ́n tán, wọ́n yan igbákejì tiwọn lọ́tọ̀, Tom Watson. Debs pàápàá polongo ìbò fún Bryan. Bryan kò wọlé, ẹgbẹ́ Populist kò sì rí agbára àtijọ́ kó jọ mọ́ láéláé. Odò kékeré ti ṣàn wọ inú ọ̀sà, ta ni yóò tún mọ omi rẹ̀ yàtọ̀? Mo gbà pé ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún yìí ló kọ́ Debs pé ẹgbẹ́ tí kò bá ní olùdíje tirẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ́ ẹgbẹ́ mọ́. Ní oṣù kìíní 1897 ó kéde pé òun ti di sósíálíìsì, pé ohun ìní ńláńlá bíi rélùwéè àti ibi ìwakùsà yẹ kó jẹ́ ti gbogbo aráàlú. Nígbà tó di 1898, òun pẹ̀lú Victor Berger àti àwọn mìíràn dá Social Democratic Party sílẹ̀.

Ìpàdé tí ẹgbẹ́ yìí ṣe ní Indianapolis ní oṣù kẹta 1900 ni mo máa ń fi kọ́ àwọn tó bá bi mí nípa ẹgbẹ́ kékeré. Àwọn àlejò dé bá wọn níbẹ̀. Wọ́n ti bínú kúrò nínú Socialist Labor Party, níbi tí Daniel De Leon ti ń fi ọwọ́ líle darí, wọ́n sì fẹ́ kí àwọn àti ẹgbẹ́ Debs di ọ̀kan. Ṣùgbọ́n wọn kò wá lọ́wọ́ òfo. Wọ́n ti ṣe ìpàdé tiwọn ní Rochester, wọ́n ti fa Job Harriman, lọ́yà láti California, kalẹ̀ fún ààrẹ, wọ́n sì ti mú Max Hayes ṣe igbákejì. Bí ẹgbẹ́ méjì bá fẹ́ di ọ̀kan, tí olùdíje méjì wà nílẹ̀, ta ni yóò bọ́ sílẹ̀ fún ta?

Àwọn ará ilé dárúkọ Debs. Debs ní rárá. Ara òun kò dá, òun kò sì wá ipò. Gbogbo ìpàdé rẹ̀ wálẹ̀, nítorí pé òun nìkan ni orúkọ tí ìhà méjèèjì lè gbọ́ kí wọ́n má bínú. Ní alẹ́ ọjọ́ náà àwọn aṣojú lọ bá a ní yàrá rẹ̀, wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbà. Harriman fi ipò àkọ́kọ́ sílẹ̀, ó gba ti igbákejì. Hayes yọ orúkọ tirẹ̀ kúrò. Ìbò tí wọ́n rí nígbà tó di oṣù kọkànlá kò tó 90,000, nínú bíi mílíọ̀nù 14 ènìyàn tó dìbò. Bí a bá fi ojú iye wò ó, òfo ni. Àmọ́ àwọn tó ti jọ rin káàkiri fún Debs àti Harriman ló padà sí Indianapolis kan náà ní oṣù keje 1901, tí wọ́n sọ ẹgbẹ́ di ọ̀kan lóòótọ́, tí wọ́n pè é ní Socialist Party. Olùdíje ni wọ́n kọ́kọ́ ní kí wọ́n tó ní ẹgbẹ́.

Ní 1904 àti 1908 wọ́n tún fà á kalẹ̀, Ben Hanford sì ni igbákejì rẹ̀ nígbà méjèèjì. Ìbò rẹ̀ fò sókè dé 402,000 ó lé díẹ̀ ní 1904. Ní 1908 àwọn ọmọ ẹgbẹ́ dá owó, ẹlòmíràn dá kọ́bọ̀, wọ́n háyà odindi ọkọ̀ ojú irin kan tí wọ́n pè ní Red Special, ó sì gbé Debs káàkiri Amẹ́ríkà láti ìlú dé ìlú. Pẹ̀lú gbogbo làálàá náà, bíi 420,000 ni ìbò rẹ̀. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ṣé ẹnì kan ṣoṣo ni a ó máa fà kalẹ̀ títí ayé ni?

Kíkùn yìí ló bú jáde ní 1912, nígbà tí ẹgbẹ́ ti ní ọmọ ẹgbẹ́ bíi 118,000 tó ń san owó. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ètò wọn ti rí. Iye àwọn tó ń san owó oṣù ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi ń mọ iye aṣojú tí ìpínlẹ̀ náà yóò rán sí ìpàdé. Àwọn aṣojú yìí ló ń dìbò. Berger àti Morris Hillquit, tí wọ́n lágbára nínú ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́, fẹ́ olùdíje tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ rọ̀, tí yóò máa sọ̀rọ̀ omi ẹ̀rọ, ilé-ìwé àti owó orí. Milwaukee, níbi tí ẹgbẹ́ ti ṣe ìjọba, ni wọ́n ń wò. Debs ní tirẹ̀ gbà pé gbogbo ètò náà ló gbọ́dọ̀ yí padà. Àwọn tí kò fẹ́ Debs kò fìmọ̀ ṣọ̀kan: àwọn kan mú Emil Seidel, ẹni tó ti ṣe olórí ìlú Milwaukee, àwọn kan mú Charles Edward Russell, akọ̀ròyìn ará New York tó wà lára àwọn tó dá NAACP sílẹ̀. Debs ní 165, Seidel 56, Russell 54. Ká tiẹ̀ ní wọ́n ṣọ̀kan, Debs ì bá ṣì borí wọn. Wọ́n wá fi Seidel ṣe igbákejì rẹ̀, ọgbọ́n àtijọ́ tí a fi ń wẹ ọkàn àwọn tí a ṣẹ́gun. Ọdún yẹn ni wọ́n rí ìbò tó ju 900,000 lọ, bíi ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún.

Nígbà tó di 1916, Debs ní ó tó gẹ́ẹ́, ẹgbẹ́ sì gbà fún un. Wọn kò pe ìpàdé àpapọ̀ rárá. Ìwé ìbò ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́, kí kálukú mú ẹni tó wù ú. Kò sí ètò tó tún bá ìlànà wọn mu ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó borí ni Allan Benson, akọ̀ròyìn tí wọ́n mọ̀ nítorí àwọn ohun tó kọ lòdì sí ogun. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò rí i sójú rí. Ìbò ẹgbẹ́ lọ sílẹ̀ sí bíi 590,000. Nígbà tí Amẹ́ríkà wọ ogun ní 1917, tí ẹgbẹ́ sì dúró lórí pé àwọn kò sí nínú ogun, Benson fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1918. Russell ti lọ ṣáájú rẹ̀. Àwọn òpìtàn kan fi èyí bú ètò ìbò orí ìwé. Lójú tèmi, ètò náà kò ní ẹ̀bi. Ohun tí wọ́n mọ̀ nípa Benson ni ohun tó kọ. Ohun tí wọ́n mọ̀ nípa Debs ni ohun tó ti jìyà fún.

Ìyà mìíràn kò sì jìnnà. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹfà 1918, Debs sọ̀rọ̀ lòdì sí ogun ní ìlú Canton, ní ìpínlẹ̀ Ohio. Wọ́n mú un, wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá fún un, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì fọwọ́ sí i ní oṣù kẹta 1919. Ẹni ọdún 63 ni nígbà tó wọ ẹ̀wọ̀n. Nígbà tí wọ́n ti gbé e lọ sí Atlanta, ẹgbẹ́ rẹ̀ fọ́ sí mẹ́ta, àwọn kọ́múníìsì lọ, iye ọmọ ẹgbẹ́ já wálẹ̀ sí bíi 27,000. Ta ni kí wọ́n fà kalẹ̀ ní 1920? Òfin Amẹ́ríkà sọ ọjọ́ orí tí olùdíje gbọ́dọ̀ ní, ó sọ pé kó jẹ́ ọmọ bíbí ilẹ̀ náà, ó sọ iye ọdún tó gbọ́dọ̀ ti gbé níbẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n. Wọ́n mú ẹlẹ́wọ̀n. Ní oṣù karùn-ún wọ́n rán ikọ̀ lọ sí Atlanta láti fi tó o létí, Seymour Stedman tí wọ́n yàn ṣe igbákejì sì wà nínú wọn. Òun ni lọ́yà tó gbèjà Debs ní kóòtù. Debs jáde sí wọn nínú aṣọ ẹ̀wọ̀n. Kò fi pa mọ́ fún wọn pé àwọn ohun kan nínú ìpolongo ètò ẹgbẹ́ kò tẹ́ òun lọ́rùn, ṣùgbọ́n ó gbà. Bájì tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fi sí àyà ní àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú nọ́mbà ẹ̀wọ̀n rẹ̀, 9653. Ìwé kúkúrú kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n gbà á láyè láti kọ sí àwọn oníwèé ìròyìn. Ìyẹn ni gbogbo ìpolongo rẹ̀.

Ìbò tó ju 900,000 ló tún rí. Kí a má ṣe àṣejù: àwọn obìnrin gbogbo Amẹ́ríkà ti ń dìbò lọ́dún náà, nítorí bẹ́ẹ̀ iye yìí kò tó ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Síbẹ̀ ẹgbẹ́ tí ó kù bíi 27,000 ló kó o jọ fún ọkùnrin tí kò lè jáde wá bá wọn sọ̀rọ̀, tí òun fúnra rẹ̀ kò lè dìbò.

Woodrow Wilson kọ̀ láti dá a sílẹ̀. Warren Harding ló dá a sílẹ̀ ní ọjọ́ Kérésìmesì 1921, ó sì ní kó yà bá òun nílé ìjọba lọ́jọ́ kejì. Ara Debs kò le mọ́. Ní 1924 ẹgbẹ́ rẹ̀ kò fa ẹnikẹ́ni kalẹ̀; Robert La Follette ni wọ́n gbè lẹ́yìn, Debs sì fọwọ́ sí i, òun tó ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Populist ní 1896. Ó kú ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá 1926 ní Elmhurst, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Chicago, wọ́n sì sin ín sí Terre Haute. Ní 1928 ẹgbẹ́ tún wá olùdíje tirẹ̀. Norman Thomas ni wọ́n mú, ẹni tó ti ṣe pásítọ̀ rí. Ìbò rẹ̀ kò tó 270,000. Wọ́n tún mú un ní ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, wọ́n sì ń mú un bẹ́ẹ̀ títí di 1948, ó pé ẹ̀ẹ̀mẹfà.