Spallanzani àti Àtọ̀ Akọ Ẹṣin

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wo àtọ̀ akọ ẹṣin lábẹ́ maikirosíkópù, mo ti sáré gbé ike rẹ̀ sínú omi dídì. Kò sí ọ̀kan tó tún mira. Ìtìjú yẹn ló mú mi ka ìtàn Lazzaro Spallanzani.

Àlùfáà Kátólíìkì ni, ọmọ Scandiano ní Ítálì. Wọ́n bí i ní 1729. Ó di olùkọ́ ní Yunifásítì Pavia ní 1769. Bàbá yìí rán ṣòkòtò fún akọ ọ̀pọ̀lọ́ (ẹ má rẹ́rìn-ín!) kí àtọ̀ wọn má bàa kan ẹyin, ẹyin náà kò sì di ọmọ. Ó fa àtọ̀ sínú abo ajá kan. Lẹ́yìn ọjọ́ 62, ó bí ọmọ 3. Ní 1776, ó ròyìn pé àtọ̀ akọ ẹṣin tí ìrì dídì mú dákẹ́ tún ń mira nígbà tó móoru. Síbẹ̀, ó kú ní 1799 láì gbà pé àwọn ohun wínníwínní tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú àtọ̀ ló ń sọ ẹyin di ọmọ. Èyí dùn mí.

Ọ̀rá inú awọ sẹ́ẹ̀lì àtọ̀ ni kò lè rí. Bí òtútù bá dé lójijì, ó máa ń dì bí epo pupa nígbà ọyẹ́, awọ náà á sì máa jò. Pupa ẹyin adìyẹ ni mo ń pò mọ́ ọn báyìí, mo sì ń jẹ́ kó tutù díẹ̀díẹ̀.