Dókítà Tó Ń Wá Ìlera

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹni tó bá gba St Mary's Road ní Peckham á rí ilé ńlá onídígí kan. Dókítà George Scott Williamson (1884–1953) àti Dókítà Innes Pearse, tó wá di aya rẹ̀, ló ṣí i ní 1935. Àìsàn kọ́ ni wọ́n ń wá, ìlera ni. Ṣílè kan ni ìdílé ń san lọ́sẹ̀. Wọ́n á yẹ ara tọkọtaya tọmọ wò, wọ́n á sọ ohun tí wọ́n rí, ó parí. Wọn kì í pàṣẹ. Látẹ̀yìn dígí lèèyàn ti ń wo àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́. Ọmọ tó rí ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú omi, òun náà á bọ́ sínú ẹ̀, títí á fi mọ́ ọn lára. Èmi tí mo máa ń fi ariwo jí yín láàárọ̀, ọ̀rọ̀ yìí bá mi wí. Ní 1950, owó tán, wọ́n tilẹ̀kùn.