B. F. Skinner

Burrhus Frederic Skinner (ọjọ́ 20 oṣù Kẹta ọdún 1904 – ọjọ́ 18 oṣù Kẹjọ ọdún 1990) jẹ́ onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tí ó fi ayé rẹ̀ ṣe ìwádìí nípa ohun tí ó ń mú kí ènìyàn àti ẹranko máa hùwà bí wọ́n ti ń hùwà. Ìwádìí tí ó ṣe pẹ̀lú eku àti ẹyẹlé ni àwọn ọ̀mọ̀wé fi mọ̀ ọ́n jù lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ó kọ́kọ́ gbé orúkọ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyálé ilé Amẹ́ríkà ni ibùsùn kan tí ó kàn fún ọmọ rẹ̀ obìnrin ní ọdún 1944, láti fi dín làálàá ìyàwó rẹ̀ kù.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀

Ìlú Susquehanna ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ni wọ́n bí Skinner sí. Agbẹjọ́rò ni bàbá rẹ̀. Láti kékeré ni ó ti fẹ́ràn láti máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan. Nígbà tí ìyá rẹ̀ ń bá a wí ṣáá pé kì í gbé aṣọ ìsùn rẹ̀ kọ́, ó ṣe ohun èlò kan tí ó máa ń jẹ́ kí pátákó ìránnilétí sọ̀ kalẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà yàrá bí aṣọ náà kò bá sí lórí ìkọ́. Bí ó ti máa ń ṣe nìyẹn títí dé ọjọ́ ogbó: bí nǹkan bá ń ni ènìyàn lára, ibi tí nǹkan náà ti ń ṣẹlẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ tún ṣe.

Ó gba oyè nínú ìmọ̀ lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Hamilton College ní ọdún 1926, ó sì fẹ́ di òǹkọ̀wé, ṣùgbọ́n ìwé kíkọ náà kò so èso. Ó wọ Yunifásítì Harvard ní ọdún 1928, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé níbẹ̀ ní ọdún 1931. Ibẹ̀ ni ó ti ṣe àpótí ìwádìí tí eku ti máa ń tẹ ọ̀pá kékeré kan kí oúnjẹ tó jáde sí i. Àwọn ènìyàn sọ ọ́ ní àpótí Skinner, orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ kò fẹ́ràn. Ní ọdún 1936 ó gbé Yvonne Blue níyàwó, ó sì lọ ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì Minnesota. Wọ́n bí Julie, àkọ́bí wọn, ní ọdún 1938. Ní àkókò Ogun Àgbáyé Kejì ó kọ́ ẹyẹlé láti máa darí bọ́ǹbù sí ibi tí a fẹ́ kí ó bọ́ sí. Àwọn ẹyẹ náà mọ iṣẹ́ wọn dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ kò lò wọ́n.

Ibùsùn ọmọ ọwọ́

Nígbà tí tọkọtaya náà ń gbèrò ọmọ kejì, Yvonne jẹ́ kí ó yé ọkọ rẹ̀ pé bíbí ọmọ kọ́ ni ìṣòro òun, bí kò ṣe ìtọ́jú ọdún kan sí méjì àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ náà kò jọni lójú. Ní ìlú olótùútù bíi Minnesota, aṣọ lé aṣọ ni wọ́n máa ń wọ̀ fún ọmọ ọwọ́, wọn a tún fi kúbùsù bò ó. Bí ọmọ bá sì ti tọ̀ sára, gbogbo rẹ̀ di ẹrù ìfọṣọ. Skinner àti ìyàwó rẹ̀ wá yẹ iṣẹ́ ìyá ọlọ́mọ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wádìí èwo ni ó ṣe ara àti ọkàn ọmọ láǹfààní, àti èwo ni a kàn ń ṣe nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni a ti bá a.

Ohun tí Skinner kàn kí wọ́n tó bí Deborah ní ọdún 1944 dà bí yàrá kékeré tí a gbé sókè kúrò nílẹ̀. Gíláàsì tí ó ṣeé ṣí ni iwájú rẹ̀. Ẹ̀rọ kan ń ṣọ́ ìgbóná inú rẹ̀, afẹ́fẹ́ tí a ti sẹ́ tí a sì ti fi ọ̀rinrin díẹ̀ sí ni ó ń wọlé, ògiri rẹ̀ sì ń dín ariwo ilé kù. Nítorí pé inú rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, ìlédìí nìkan ni ọmọ nílò. Ó lè na ẹsẹ̀, kí ó yí ara padà, láìsí aṣọ tí yóò dì í mú tàbí kúbùsù tí yóò bò ó nímú. Ibi tí ó ń sùn lé jẹ́ aṣọ kánfáàsì tí a fà le. Aṣọ ìtẹ́bùsùn tí gígùn rẹ̀ tó yáàdì 10 ni ó kọjá lórí rẹ̀; bí ibì kan bá ti dọ̀tí, ìyá yóò kàn yí ọwọ́ ẹ̀rọ, ibi tí ó mọ́ yóò sì bọ́ sábẹ́ ọmọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò Skinner, bí a bá yọ ìlédìí fífọ̀ àti oúnjẹ ọmọ pípèsè kúrò, nǹkan bíi wákàtí kan àbọ̀ lóòjọ́ ni ìtọ́jú ọmọ náà ń gbà. Deborah ń sùn níbẹ̀ títí ó fi tó ọmọ ọdún méjì àbọ̀, wọ́n sì máa ń gbé e jáde láti jẹun, láti ṣeré àti láti wà pẹ̀lú àwọn ará ilé.

Àríyànjiyàn

Skinner kọ àpilẹ̀kọ nípa ibùsùn náà fún ìwé ìròyìn àwọn obìnrin, Ladies' Home Journal, tí ó jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 1945. Olóòtú ni ó fún un ní àkọlé tí ó pe ọmọ náà ní ọmọ inú àpótí. Àkọlé yìí ba nǹkan jẹ́ ju bí ẹnikẹ́ni ti rò lọ. Ọ̀pọ̀ òbí kọ lẹ́tà láti béèrè bí wọ́n ṣe lè kan irú rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn gbọ́ àpótí, wọ́n rántí eku, wọ́n sì gbà pé ó ń fi ọmọ bíbí inú rẹ̀ ṣe ìwádìí. Àwọn kan bẹ̀rù pé ìyá tí iṣẹ́ rẹ̀ dín kù yóò gbàgbé ọmọ sínú gíláàsì. Èrò Skinner ni pé ìyá tí àárẹ̀ kò tíì pa ni ó lágbára láti bá ọmọ rẹ̀ ṣeré.

Ìgbìyànjú àkọ́kọ́ láti ṣe é fún títà ní ìlú Cleveland forí ṣánpọ́n. Ní àwọn ọdún 1950, ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣe é jáde pẹ̀lú orúkọ Aircrib, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n tà kò pọ̀. Ó ṣòro láti ta ohun tí ó jọ àpótí fún ẹni tí ó ń retí ọmọ.

Àhesọ tí ó tàn kálẹ̀ jù lọ ni pé orí Deborah dàrú, pé ó pe bàbá rẹ̀ lẹ́jọ́, pé ó sì gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Deborah di ayàwòrán, ó fi ìlú London ṣe ibùgbé, ó sì fúnra rẹ̀ kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn The Guardian ní ọdún 2004 láti já irọ́ náà. Julie, tí kò sùn nínú irú ibùsùn bẹ́ẹ̀ rí, lò ó láti tọ́ àwọn ọmọ tirẹ̀.

Ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀

Skinner padà sí Harvard ní ọdún 1948, ọdún kan náà tí ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀, Walden Two, jáde. Ní ọdún 1953, lẹ́yìn tí ó lọ wo kíláàsì ìṣirò Deborah, tí ó rí i pé àwọn ọmọ kì í mọ̀ lójú ẹsẹ̀ bóyá wọ́n gbà á tàbí wọn kò gbà á, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ̀rọ ìkọ́ni. Ó gba àmì ẹ̀yẹ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ìjọba Amẹ́ríkà ní ọdún 1968. Àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni ó pa á ní ọdún 1990, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí ó sọ̀rọ̀ níwájú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìhùwàsí Amẹ́ríkà ní Boston. Itẹ́ òkú Mount Auburn ní ìlú Cambridge, ìpínlẹ̀ Massachusetts, ni wọ́n sin ín sí.